Ó ti lọ, ṣé ó tún padà ni? Ìbéèrè yín lórí jẹdọ̀jẹdọ̀ C fún ẹni tó ní HIV

Àrùn ẹ̀dọ̀ tí ọsibítù ń pè ní hẹpatáítìsì C, tí àwa ń pè ní jẹdọ̀jẹdọ̀ C, ló gba ojú ìwé ìbéèrè wa lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo àwọn tó kọ̀wé ló ní kòkòrò HIV tàbí tí wọ́n ń tọ́jú ẹni tó ní in, ìdí nìyẹn tí a fi yọ orúkọ wọn kúrò. Iṣẹ́ àti àdúgbò wọn nìkan la fi sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo oògùn HIV, viral load mi (iye kòkòrò HIV inú ẹ̀jẹ̀) kò sì hàn mọ́. Lọ́dún tó kọjá wọ́n rí jẹdọ̀jẹdọ̀ C lára mi, mo lo oògùn fún oṣù mẹ́ta, wọ́n ní mo ti bọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan ní kí n ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó gbà mí, ni wọ́n bá tún kọ "reactive" síwájú rẹ̀. Ṣé oògùn náà kò ṣiṣẹ́ ni, àbí mo ti tún un kó? (Awakọ̀, Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún yín kò lè dáhùn ohun tí ẹ bi wá. Páálí kékeré tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí kì í wá kòkòrò. Antibọ́dì ló ń wá, ìyẹn èròjà tí ara ṣe sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tó ń bá kòkòrò jà. Bí egbò bá jinná, àpá rẹ̀ kì í parẹ́. Kòkòrò ni egbò, antibọ́dì ni àpá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti sàn pátápátá ni páálí yìí yóò máa kọ "reactive" fún títí ọjọ́ ayé wọn.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ ohun kan nípa páálí ọ̀hún, torí ó ti já ọ̀pọ̀ èèyàn láyà lásán. Lẹ́tà méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀: C àti T. Ìlà tó bá yọ níwájú C kò túmọ̀ sí jẹdọ̀jẹdọ̀ C rárá. Ó kàn ń sọ pé páálí náà ń ṣiṣẹ́ ni, àní lára ẹni tí kò ní nǹkan kan yóò yọ. Bí kò bá yọ, páálí ti bàjẹ́ nìyẹn, òmíràn ni kí wọ́n fi ṣe é. Ìlà iwájú T ló ń sọ̀rọ̀ antibọ́dì, bó ti wù kó hàn fẹ́ẹ́rẹ́ tó.

Àyẹ̀wò tí ẹ nílò ni HCV RNA, òun ló ń wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà tó ń fún yín ní oògùn HIV kó kọ ọ́ fún yín. Ẹ̀rọ GeneXpert tí wọ́n fi ń wá ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ọ̀pọ̀ ọsibítù ńlá lè ṣe é bí wọ́n bá ní ike tirẹ̀ nílẹ̀, kò sì ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ike náà wà kí ẹ tó wọkọ̀. Inú ìgò ẹ̀jẹ̀ tí ìdérí rẹ̀ láwọ̀ àlùkò ni wọ́n sábà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ sí, ó sì dára kí wọ́n ya omi ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ láàárín wákàtí 6. RNA kì í fara da ooru. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sórí tábìlì di ọjọ́ kejì lè mú kí iye kòkòrò dà bí ẹni pé ó kéré ju bó ṣe jẹ́ lọ.

Bí èsì bá sọ pé "not detected", kò sí kòkòrò lára yín. Ẹ gba ìwé náà, ẹ fi han àwọn tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́. Bó bá sọ pé "detected" pẹ̀lú nọ́ńbà, ẹ lọ wo ọjọ́ tí wọ́n sọ fún yín lọ́dún tó kọjá pé ẹ ti bọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn tí ẹ gbé hóró tó kẹ́yìn mì ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà, oògùn yín ṣiṣẹ́. Kì í sábà ṣẹlẹ̀ kí kòkòrò tí a ti lé lọ títí dìgbà náà tún yọjú, nítorí náà tuntun ni ẹ kó. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọjọ́ tí oògùn tán gan-an ni wọ́n yẹ̀ yín wò, wọ́n ti yá ju. Ìyókù kòkòrò lè sá pamọ́ kó sì tún gbérí láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

ÌBÉÈRÈ: Àwọn àgbà ilé wa máa ń sọ pé ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná bá jà tó sì yè é, kò tún ní ṣe é mọ́. Kí ló dé tí ti jẹdọ̀jẹdọ̀ C kò rí bẹ́ẹ̀? Kí sì ni HIV ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀? (Olùkọ́, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kì í ṣe irọ́. Kòkòrò ilẹ̀ẹ́gbóná kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ìrísí dà, ara tó bá ti dá a mọ̀ lẹ́ẹ̀kan ti dá a mọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ti wo egúngún onídán rí ní Ọ̀yọ́ ni yóò tètè mọ irú èyí tí jẹdọ̀jẹdọ̀ C jẹ́: ó wọ abẹ́ aṣọ bí èèyàn, ó jáde bí ọ̀nì, kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti di òjòlá.

Nínú ẹ̀dọ̀ ló ti ń bí sí i, iye tó ń bí lóòjọ́ lè tó ẹgbẹ̀rún bílíọ̀nù. Ohun tó fi ń da ara rẹ̀ kọ kì í ṣàtúnṣe àṣìṣe, nítorí náà ọmọ kì í jọ ìyá tán. Ẹ̀wù òde rẹ̀ ló ń yí padà jù, ibẹ̀ gan-an sì ni antibọ́dì ti ń dì í mú. Kí antibọ́dì tó mọ aṣọ àná, kòkòrò ti wọ tòní. Yàtọ̀ síyẹn, ìdílé ńlá 8 ló pín sí, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀ka tirẹ̀. Ara tó ti bá ìdílé 1 jà lè má rí ti ìdílé 4 dá mọ̀ bó bá ń wọlé.

Antibọ́dì nìkan kọ́ ló ń jagun náà, kò tiẹ̀ jẹ́ òun ló gba iwájú. Ọmọ ogun ara tí wọ́n ń pè ní CD8 ló ń wọ inú ẹ̀dọ̀ lọ pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ti fi ṣe ilé. CD4 ni Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò wọn. Ọwọ́ tirẹ̀ kọ́ ni pípa wà, àṣẹ ló ń pa. Òun ló ń sọ fún CD8 pé kó má dẹwọ́, òun náà ló ń mú kí àwọn tó ń rọ antibọ́dì tún un rọ títí yóò fi mú. Ní 2003, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí àwọn ìnàkí tí ara wọn ti lé jẹdọ̀jẹdọ̀ C jáde rí. Wọ́n mú CD4 kúrò lára wọn kí wọ́n tó tún fún wọn ní kòkòrò náà. CD8 wọn ṣì wà níbẹ̀, ó sì rántí ọ̀tá. Síbẹ̀ kòkòrò náà kò kúrò lára wọn mọ́, ńṣe ló ń para dà kí CD8 má baà rí i mú.

Olùkọ́ wa, ibẹ̀ ni HIV ti wọ ọ̀rọ̀ náà, torí CD4 yẹn gan-an ni oúnjẹ rẹ̀. Nínú 100 èèyàn tó kó jẹdọ̀jẹdọ̀ C, nǹkan bíi 30 ni ara wọn máa ń lé e jáde láìlo oògùn kankan láàárín oṣù 6. Àwọn tó ní HIV tó ń rí bẹ́ẹ̀ ṣe kò pọ̀ tó ìyẹn.

Ẹ má sì rò pé ara kì í rántí nǹkan kan. Ìwádìí lára àwọn tó ń gún oògùn olóró sára, tí ara wọn ti fúnra rẹ̀ lé kòkòrò náà lọ rí, fi hàn pé bí wọ́n bá tún un kó, iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ wọn kì í sábà ga tó ti àkọ́kọ́, kì í sì í pẹ́ tó o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún lé e jáde. Ìrántí wà nígbà náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe odi tí ẹnikẹ́ni lè sùn sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí HIV ti dín CD4 rẹ̀ kù, ìrántí tirẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan ṣẹ́kù tí àwọn èèyàn kì í sọ fún aláìsàn, a sì rò pé ó yẹ kó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ara rẹ̀ lé kòkòrò lọ àti ẹni tí hóró oògùn wò sàn kò rí bákan náà. Ẹni tó gbé àrùn náà sára fún ọdún mẹ́wàá tàbí ogún kó tó rí oògùn, CD8 rẹ̀ ti jagun títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ti tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Oògùn á pa kòkòrò tán, ẹ̀dọ̀ á simi, ṣùgbọ́n àárẹ̀ ara àwọn ọmọ ogun náà kì í lọ tán. Oògùn HIV náà lè gbé iye CD4 yín padà sí 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a sì dúpẹ́, torí ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ má tètè le. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni ìyẹn. Àwọn CD4 tó mọ ojú jẹdọ̀jẹdọ̀ C tó ti bá ogun lọ lè má sí lára àwọn tó padà.

ÌBÉÈRÈ: Níbo ni mo ti fẹ́ tún un kó? Mi ò gún oògùn olóró, mi ò sì gba ẹ̀jẹ̀ rí. (Oníṣòwò aṣọ, Ọjà Àkẹ̀sán, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀, èyí tí kò tó kán sílẹ̀ sì tó o. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sára irin lè gbé kòkòrò yìí láàyè fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nítorí náà ẹ wo ọjà tí ẹ wà yẹn dáadáa. Ẹ ń gbọ́ àwọn tó ń gé èékánná kiri, tí wọ́n ń fi sísọ́ọ̀sì wọn lu ara wọn kán-kán-kán kí ẹ lè mọ̀ pé wọ́n dé. Ìka ẹsẹ̀ mélòó ni sísọ́ọ̀sì yẹn ti gé lára kó tó kàn yín? Bíléèdì tí wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́ fún ẹni méjì, kílípà tó gé orí lára, irinṣẹ́ olóòlà tí wọ́n kàn nù pẹ̀lú òwú, bọ́rọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí tọkọtaya jọ ń lò, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ní kẹ́míìsì ló ń bà wá lẹ́rù jù. Ẹni tó ń gún un lè pààrọ̀ abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀ lójú yín, kí ọkàn yín sì balẹ̀, ṣùgbọ́n ike tó fi fa oògùn ni èyí tó fi gún ẹni tó ṣíwájú yín. Ẹ̀jẹ̀ ti fà wọ inú ike yẹn. Bó bá tún ki í bọ ìgò oògùn tó ń gún èèyàn mẹ́wàá, ìgò náà ti bàjẹ́ fún gbogbo wọn. Ẹ ní kó já abẹ́rẹ́ àti ike tuntun nínú ọ̀rá níwájú yín, kó sì fa oògùn láti inú ìgò tí wọn ò tíì ṣí.

Ti ìbálòpọ̀: láàárín tọkọtaya lásán, kò wọ́pọ̀. Ó ń pọ̀ sí i bí ẹnì kan bá ní HIV, bí egbò bá wà lójú ara, bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, tàbí láàárín ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀. Kọ́ńdọ̀mù ń dènà rẹ̀. Jíjọ jẹun, ìdìmọ́ra àti ẹ̀fọn kì í tan án ká.

Ẹni tó bá ń fi irinṣẹ́ onírin ṣiṣẹ́ lè tẹ̀ lé èyí. Kó kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò, torí ẹ̀jẹ̀ máa ń jẹ agbára blíìṣì. Kó wá po ife blíìṣì 1 mọ́ ife omi 6 bí wọ́n bá kọ 3.5% sára ike rẹ̀, tàbí ife 1 mọ́ ife 9 bó bá jẹ́ 5%. Kó ri irin náà sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kó ṣàn án, kó sì sè é nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 20. Àpòpọ̀ àná kì í ṣiṣẹ́ lónìí, blíìṣì tó ti wà nínú oòrùn kò sì lágbára mọ́. Fífi spirit nù ún fìrí tàbí fífi iná ìṣáná rá a lára kò tó. Kílípà oníná kò ṣeé rì sómi: ẹ ra tiyín, kí ẹ máa gbé e dání lọ sọ́dọ̀ onígẹ̀rì.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n tún rí jẹdọ̀jẹdọ̀ C lára ọkọ mi lẹ́yìn ọdún kan tí RNA rẹ̀ kò fi hàn. TLD ló ń lò fún HIV. Ó ní òun kò lọ sí ọsibítù mọ́, pé oògùn kan kì í wo àrùn lẹ́ẹ̀mejì, ojú sì ń tì í. (Ìyá aláṣọ òkè, Awẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wa kí bàbá o. Ẹ sọ fún wọn pé kòkòrò tuntun yìí kò bá oògùn àkọ́kọ́ pàdé rí, kò sì ní ìdí tí yóò fi mọ bí a ṣe ń sá fún un. Oògùn kan náà la fi ń wò ó, ìwòsàn rẹ̀ sì ń kọjá 95 nínú 100. Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Kí wọ́n má sì dúró wo bóyá ara yóò lé e lọ.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yẹ jẹdọ̀jẹdọ̀ B wò, pẹ̀lú àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní HBsAg. Bí B bá wà lára, oògùn C lè jí i sílẹ̀ kó sì kọlu ẹ̀dọ̀. TLD tí bàbá ń lò ní oògùn méjì nínú tó ń dá B dúró, nítorí náà kí wọ́n má dáwọ́ rẹ̀ dúró rárá. Kí wọ́n ka AST (èròjà tó ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ bá ń fara pa) àti platelet (èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì), kí dókítà fi ṣírò APRI, tó ń sọ bóyá ẹ̀dọ̀ ti le: AST pín sí òkè ìwọ̀n láàbù, ìlọ́po 100, pín sí platelet. Bí AST bá jẹ́ 80, tí òkè ìwọ̀n jẹ́ 40, tí platelet jẹ́ 150, ó di 1.33. Bó bá ju 2 lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀dọ̀ ti le. Bí kò bá tó 1, kò dà bíi pé ó ti le.

Sofosbuvir 400 mg àti daclatasvir 60 mg lóòjọ́ fún ọjọ́ 84 ni wọ́n sábà ń lò. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti le, dókítà lè sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ 24. Pẹ̀lú dolutegravir tó wà nínú TLD, kò sí ìyípadà. Ẹni tó ń lo efavirenz fún HIV, daclatasvir rẹ̀ yóò di 90 mg, torí efavirenz ń tètè lé e kúrò lára. Ẹni tó ń lo atazanavir pẹ̀lú ritonavir fún HIV, yóò di 30 mg. Rifampicin ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti carbamazepine tàbí phenytoin ti wárápá, kò gbọ́dọ̀ bá wọn pàdé, wọ́n á sọ oògùn náà di asán. Amiodarone ti ọkàn lè dín lílù ọkàn kù débi ewu. Kí wọ́n kó gbogbo oògùn tó wà nílé, títí kan ti ọgbẹ́ inú, lọ síwájú dókítà.

Ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn hóró tó kẹ́yìn, kí wọ́n ṣe RNA. Ẹ̀yin náà, ìyá, ẹ ṣe tiyín báyìí, kí ẹ̀yin méjèèjì má baà máa gbé e fún ara yín.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni kí n ṣe máa yẹ ara mi wò, níwọ̀n bí páálí kò ti wúlò fún mi mọ́? (Akẹ́kọ̀ọ́, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: RNA lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ fi ti ìgbà tí ẹ ń ṣe viral load HIV. Bí ohun tó lè kó o bá yín ṣì ń ṣẹlẹ̀, ẹ máa ṣe é lẹ́yìn oṣù 3 sí 6 kọ̀ọ̀kan. Bí owó kò bá tó, ALT, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bí ẹ̀dọ̀ bá ń fara pa, kò wọ́n: bó bá ṣàdédé gòkè, ẹ lọ ṣe RNA kíá. RNA máa ń hàn ní ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 lẹ́yìn tí kòkòrò wọlé. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọ̀rẹ́ yín tí kò tíì ní in rí pẹ̀lú: ẹni tí CD4 rẹ̀ kò tó 200 lè ní kòkòrò lára kí páálí má rí antibọ́dì kankan, torí ara kò lágbára láti ṣe é.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé abẹ́rẹ́ àjẹsára wà? (Alágbẹ̀dẹ, Arówómọlẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Kò tíì sí ti C. Láti 1989 ni wọ́n ti dá kòkòrò náà mọ̀, àwọn mẹ́ta, Harvey Alter, Michael Houghton àti Charles Rice, sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2020. Àjẹsára kan tí wọ́n dán wò ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021, jí CD8 dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dènà kí àrùn náà jókòó sára. Ti jẹdọ̀jẹdọ̀ B wà, ẹ gbà á: ti òní, ti oṣù kan sí i, ti oṣù 6. Ẹni tó ní HIV lè nílò ìlọ́po méjì ìwọ̀n rẹ̀. Ní oṣù kan tàbí méjì lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó mú.

ÌBÉÈRÈ: Mo lóyún oṣù mẹ́rin, mo ní HIV, RNA jẹdọ̀jẹdọ̀ C mi sì hàn. Ṣé kí n máa mu àgbo tó ń fọ ẹ̀dọ̀ títí n ó fi bímọ? (Aránṣọ, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún. Àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, inú ẹ̀dọ̀ náà ló ń gbà kọjá, tiyín sì ti ń jagun méjì. Oògùn HIV yín ni kí ẹ má fi ṣeré, ó ń dáàbò bo ọmọ. Oògùn jẹdọ̀jẹdọ̀ C sábà máa ń dúró di ìgbà tí ẹ bá bímọ. Nínú 100 ìyá tó ní HIV àti C pọ̀, nǹkan bíi 11 ni ọmọ wọn máa ń kó C. Ẹ lè fún ọmọ lọ́yàn, àyàfi bí orí ọmú bá là tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi páálí yẹ ọmọ wò kó tó pé oṣù 18, antibọ́dì yín ni wọn yóò rí lára rẹ̀. RNA ni kí wọ́n ṣe fún un, láti oṣù kejì lọ.